Ẹ Bá Wa Dúpẹ́ Lórí Màmá

Ẹ̀yin ará, ẹ bá àwa ọmọ Màmá gbé Ọlọ́run ga. Àwọn tó mọ̀ wá ní Ìtòkú, níbí ní Abẹ́òkúta, mọ̀ pé iṣẹ́ àdìrẹ ni Màmá fi tọ́ wa, wọ́n sì mọ àpá iná tí ìkòkò ẹ̀kọ láfún gbígbóná dá sí i lẹ́sẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọge. Àpá yẹn ló di egbò tí kò jinná nígbà tó pé ọdún 88. Wọ́n gé bíńtín níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, jẹjẹrẹ awọ ara ni wọ́n bá, irú èyí tó lè hù lójú àpá iná lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún wa. Ó ní gígé egbò náà kúrò kọ́ ni wàhálà, bí kò ṣe bí a ó ṣe bo ojú rẹ̀, nítorí pé kí a gbé ẹran àti awọ pọ̀ wá láti ibòmíràn yóò gba ọ̀pọ̀ wákàtí, ìgbà tó sì jẹ́ arúgbó, ọkàn lè ṣàárẹ̀, òtútù àyà lè wọlé, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀ kó gòkè lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn ẹbí kan ní kí a fi ìyá arúgbó sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Mi ò bínú sí wọn, ìfẹ́ ni. Màmá fúnra rẹ̀ ló ní òórùn egbò náà kò jẹ́ kí òun lè jókòó láàárín èèyàn mọ́, kí wọ́n gé e.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, èyí tí kì í jẹ́ kí èèyàn mọ ìrora láti ìbàdí dé ẹsẹ̀, ni wọ́n fún un dípò oògùn oorun, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣí lára itan rẹ̀ ni wọ́n sì fi bo ojú egbò náà. Iṣẹ́ abẹ lọ wẹ́rẹ́. Òru tó tẹ̀lé e ló le. Màmá kò dá wa mọ̀, ó ń pe àwọn tó ti kú, ó sì fẹ́ tú báńdéèjì dànù. Nọ́ọ̀sì àgbà kan fi yé wa pé kì í ṣe wèrè, pé ó máa ń ṣe àwọn àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ó ní kí a wọ awò ojú rẹ̀ fún un, kí a máa sọ ọjọ́ àti àkókò fún un, kí a máa fún un lómi mu, kí ọmọ tó mọ̀ dáadáa sì sùn tì í. Díẹ̀díẹ̀ ni iyè rẹ̀ padà.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, àti àwọn tó ń gbé mọ́ínmọ́ín àti ẹyin wá kí ara rẹ̀ lè rí ohun tí yóò fi san egbò méjì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ojú itan tí wọ́n ti ṣí awọ pẹ́ kó tó gbẹ. Títí di òní ni wọ́n ṣì ń tẹ ibi tí itan ti pàdé ikùn wò fún kókó, torí ibẹ̀ ni irú jẹjẹrẹ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbà tàn, a sì dúpẹ́ pé wọn kò tíì rí nǹkan kan.