Ìgbín mẹ́rin lẹ́yìnkùlé

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí à ń tọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣàgámù lónìí, inú ọbẹ̀ nìkan ni wọ́n ti mọ ìgbín. Wọn ò mọ ibi tó ń sùn, wọn ò mọ ohun tó ń jẹ. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Àwa la fi sìmẹ́ńtì bo àgbàlá, tí a ti géètì, tí a gbé fóònù lé wọn lọ́wọ́. Ká kó ọmọ lọ wo ẹranko lẹ́ẹ̀kan lọ́dún dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ọmọ tó bá ń wọ́n omi sílẹ̀ fún ẹ̀dá kan ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni yóò mọ òjò, tí yóò mọ ọyẹ́, tí yóò sì mọ ewé. Ìgbín ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kì í pariwo, oúnjẹ rẹ̀ ò sì náni lówó.

Ẹ wá àpótí pákó tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60 lóròó àti ní ìbú, kó ga tó 40. Ìgbín mẹ́rin ló gbà. Bí wọ́n bá há jù, wọn ò ní dàgbà, wọn ò sì ní yé dáadáa. Ẹ lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí rẹ̀ kí omi lè máa ro jáde, ẹ fi àwọ̀n ṣe ìdérí, kí ẹ sì gbé òkúta lé e, torí ìgbín lágbára ju bí ẹ ṣe rò lọ. Kí àpótí ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ ki ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ inú agolo omi. Ìjàlọ la ń sá fún. Bí wọ́n bá ráyè wọlé lóru, ìkarahun òfìfo lẹ ó bá láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ewé kan ṣoṣo tó fara ti àpótí láti ilẹ̀ ti tó afárá fún wọn. Iṣẹ́ ọmọ ni kó máa wo agolo wọ̀nyí lójoojúmọ́.

Ilẹ̀ inú àpótí ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Amọ̀ máa ń gba omi dúró, ẹyin á jẹrà; yanrìn ò lè di omi mú. Ilẹ̀ dúdú abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ bù, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹ má bu ti oko kòkó tí wọ́n ti fín oògùn sí o: bàbà wà nínú púpọ̀ nínú oògùn tí wọ́n fi ń dènà kí èso kòkó má jẹrà, bàbà sì ń pa ìgbín. Kí ọmọ bu ilẹ̀ náà sọ́wọ́, kó fún un. Bó bá dì pọ̀ tí omi ò kán, tó sì tú nígbà tó fi ìka kàn án, ó ti tó. Bí omi bá ń kán láàárín ìka, ó ti pọ̀ jù.

Bí ẹ bá ń ra ìgbín lọ́jà, ẹ yan èyí tí ìkarahun rẹ̀ ò sán, tó wúwo lọ́wọ́, tó sì ń fà wọlé bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì ṣe àmì sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ lè mọ èyí tó ń jẹun àti èyí tí kò jẹun.

Ewé ìbẹ́pẹ, ewé ọ̀dùnkún, ìbẹ́pẹ pípọ́n, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n: ìrọ̀lẹ́ lẹ ó fún wọn, torí òru ni wọ́n ń jẹun. Ẹ kó àjẹkù kúrò láàárọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, èèpo pákí pọ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe gààrí, ṣùgbọ́n ẹ má kó o fún wọn, májèlé wà nínú rẹ̀. Ìkókóré tó ṣẹ́kù náà kò yẹ, torí iyọ̀. Iyọ̀ a máa fa omi ara ìgbín jáde títí yóò fi kú. Ẹ gún èèpo ẹyin adìyẹ kúnná, kí ẹ fi sínú abọ́ pẹlẹbẹ. Òun ló ń mú kí ìkarahun le. Bí etí ìkarahun bá ń rún wẹ́wẹ́, èyí ló ń wá.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ gbé ọ̀kan sórí àwo gíláàsì, kí ọmọ wò ó láti abẹ́. Yóò rí ìlà dúdú tó ń ṣàn bí ìgbì láti ìrù lọ sí orí; ohun tó ń gbé ìgbín rìn nìyẹn. Ìwo mẹ́rin ló ní. Ṣóńṣó méjì tó gùn ni ojú wà, àwọn kéékèèké tìsàlẹ̀ ló fi ń gbóòórùn. Bí ọmọ bá fi koríko tútù kan èyí tó gùn, yóò rí i tó ń wọlé sínú ara rẹ̀, bí ìbọ̀sẹ̀ tí a ń yí inú rẹ̀ síta. Kó má ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ìyẹn náà tó.

Nígbà ọyẹ́, ìgbín yóò fi awọ funfun fẹ́lẹ́ dí ẹnu, yóò sì dákẹ́. Kò tíì kú. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ fi èékánná ya á. Ẹ wọ́n omi, kó ṣí fúnra rẹ̀. Èyí tó kú a máa rùn, ẹran rẹ̀ á sì rọ̀ jáde.

Ọṣẹ àti omi ni kí àwọn ọmọ fi fọ ọwọ́ lẹ́yìn gbogbo èyí, torí ìgbín lè gbé aràn tó ti ara eku wá. Èyí kì í ṣe ohun tí a ń fojú fò.

Nígbà tí àpótí bá ti mọ́ àwọn ọmọ lára, ẹ mú wọn lọ sí Ẹ̀rẹ̀dò Sùngbọ́, yàrà àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ju kìlómítà 160 lọ, tó jìn tó mítà 20 níbòmíràn. Kí wọ́n fọwọ́ kan ògiri rẹ̀ níbi tí oòrùn ò dé: á tutù, á lọ́rinrin. Wọ́n á mọ ìdí tí ilẹ̀ inú àpótí fi gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kí wọ́n wọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ki ọwọ́ bọ ihò.

Bí ẹ bá rí ẹyin nínú ilẹ̀, ẹ má yí i padà, ẹ fi ilẹ̀ bò ó bó ṣe wà. Ìgbín ńlá tiwa kì í yé púpọ̀, ó lè jẹ́ mẹ́rin, ó lè tó mẹ́wàá, wọ́n sì tóbi ju hóró àgbàdo lọ. Ẹ kọ ọjọ́ náà sára ògiri. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, ẹ ó rí ọmọ wọn. Bí ẹ bá gbé abọ́ omi sínú àpótí, kí omi rẹ̀ má ga nígbà náà, wọ́n lè kú sínú rẹ̀. Bó bá sì wá di pé ẹ fẹ́ se àwọn àgbà inú wọn, ẹ kọ́kọ́ bá ọmọ tó tọ́ wọn sọ̀rọ̀ ná.