Ìwé Tí Mo Jù Sínú Àpótí

Ẹ bá mi yin Olúwa, ẹ̀yin ará mi. Ẹ bá mi yìn ín kí n tó ròyìn ohun tó ṣe, nítorí tí mo bá bẹ̀rẹ̀, omi ojú lè má jẹ́ kí n dé òpin rẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ wà láàyè. Àárín gbùngbùn òkun Àtìláńtíìkì ni Ọlọ́run ti yọ wọ́n, níbi tí hẹlikópítà kankan kò lè fò dé. Àmọ́ kì í ṣe ẹ̀mí wọn nìkan ni mo wá dúpẹ́ lé lórí. Ọ̀rọ̀ kan jáde lẹ́nu èmi fúnra mi sí ìyàwó ọmọ mi, díẹ̀ ló kù kó jẹ́ òun ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó máa gbọ́ lẹ́nu mi láyé yìí. Ọlọ́run kò gbà.

Ọjọ́ tí wọ́n pe èmi àti bàbá wọn jókòó ni ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti ra ọkọ̀ onígbòkun kan, mítà 11 ni gígùn rẹ̀, àwọn sì fẹ́ fi la Àtìláńtíìkì kọjá láti Erékùṣù Canary dé Barbados. Ó tó nǹkan bí 2,700 máìlì ojú òkun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ bó ṣe yẹ. Àwọn méjì péré. Ojú wọn ń dán bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, inú tèmi sì ti di omi.

Nígbà tí ọmọ yìí kéré, bó bá gun igi, mo lè dúró sábẹ́ igi kí n máa pariwo títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ti gbéyàwó, tó ti ń bọ́ ara rẹ̀, kí ni ẹ máa sọ fún un? Ẹ ò lè tì í mọ́lé. Ẹ ò lè gba bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù fún òbí ni ẹnu, ẹnu náà ni mo sì lò, mo lò ó kọjá ààlà.

Kì í ṣe ìjì ló ń bà mí lẹ́rù jù. Wọ́n ti ṣàlàyé fún wa pé oṣù Kejìlá ni àwọn máa gbéra, torí ìjì líle tí wọ́n ń pè ní họ́ríkéènì, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà dé ìparí oṣù Kọkànlá ni àsìkò rẹ̀. Ohun tó ń jí mi lóru ni pé àwọn méjì péré ló wà nínú ọkọ̀. Bí ọ̀kan bá ń sùn, èkejì nìkan ló ń ṣọ́. Bí ẹni tó ń ṣọ́ bá ré sómi lóru, ọkọ̀ á máa bá afẹ́fẹ́ lọ ni, ẹni tó ń sùn kò sì ní mọ̀ títí á fi jí. Mo rí èyí lójú oorun títí mi ò fi fẹ́ sùn mọ́. Wọ́n ní okùn wà tí àwọn á fi máa so ara àwọn mọ́ ọkọ̀ tọ̀sántòru. Etí mi gbọ́, ọkàn mi kò gbà.

Bàbá wọn kì í pariwo. Ìwé ni tiẹ̀. Ọmọ wa ti fi Joshua Slocum ṣe àpẹẹrẹ, ọkùnrin tó dá nìkan fi ọkọ̀ onígbòkun yí ayé po láàárín 1895 sí 1898. Bàbá wọn lọ kà nípa rẹ̀, ó padà wá, ó ní, “Níbo ni wọ́n sin Slocum sí?” Kò sí ìdáhùn, nítorí ọkùnrin náà tún bọ́ sójú òkun lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹnikẹ́ni kò sì rí i mọ́ títí di òní. Ó tún mú ọ̀rọ̀ eré ìje Fastnet ti 1979 kalẹ̀: ọkọ̀ bí 300 ni ìjì ká mọ́ ojú omi, 15 nínú àwọn tó ń díje ló sì kú.

Ìyàwó ọmọ mi ló dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó ní, “Bàbá, mo ti kà á. Ohun tí wọ́n rí kọ́ níbẹ̀ ni pé…”

Mi ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Mo dìde, mo nàka sí i. Mo ní, “Ìwọ! Ìwọ lo fẹ́ fi omi pa ọmọ mi. Kó tó mọ̀ ọ́, kò mọ̀nà òkun.”

Ó dákẹ́. Ọmọ mi ló sọ̀rọ̀, ó ní, “Màmá, odò kì í kún kó bo ẹja lójú.” Mo ní mi ò bí ẹja, ènìyàn ni mo bí.

Báyìí la ṣe pínyà. Kí wọ́n tó lọ, ọmọ mi mú ìwé olójú méjì kan wá fún mi. Ó ní kí n fi síbi tí ọwọ́ mi ti lè tètè tó o. Mi ò wò ó. Mo jù ú sínú àpótí aṣọ mi, mo pa ideri dé. Ní àárọ̀ tí wọ́n máa ṣí, ó pè wá lórí fóònù, ó ní ìyàwó òun fẹ́ kí mi. Mo ní kó sọ fún un pé mo ń sùn. Ẹ̀yin ará, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ojú mi là kedere.

Wọ́n ní ẹ̀rọ kan tó ń fi àmì ibi tí wọ́n wà ránṣẹ́ gba ojú sátẹ́láìtì ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Bàbá wọn á ṣí máàpù lórí fóònù, a ó sì rí i tí àmì kékeré ń tẹ̀lé ara wọn lọ lórí omi bí ẹsẹ̀ èèrà. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi ń lọ bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejìlá, àmì kò wọlé. A ní ó lè jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wákàtí mẹ́rin míràn, kò wọlé.

Aago mẹ́ta òru kù díẹ̀ ni fóònù mi dún. Nọ́ńbà òkè òkun ni. Ọkùnrin kan ló ń sọ̀rọ̀, ó ní ilé-iṣẹ́ tó ń dóòlà ẹ̀mí lójú òkun ni òun ti ń pè. Ó ní àwọn gba ìpè ìrànlọ́wọ́ láti inú EPIRB tí wọ́n fi orúkọ ọmọ mi sílẹ̀. Mi ò mọ EPIRB lọ́jọ́ náà, mo ti wá mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ̀rọ kékeré ni, ó ní bátìrì tirẹ̀ tó gbọ́dọ̀ lè lo ó kéré tán wákàtí 48. Tí wọ́n bá tàn án, yóò máa ké sí sátẹ́láìtì lórí ìgbì 406 MHz, sátẹ́láìtì á sì ta àwọn adóòlà lólobó. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ló ń tan púpọ̀ nínú wọn, nítorí náà wọ́n máa ń kọ́kọ́ pe àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Orúkọ tèmi ló wà nípò kìíní. Ìyàwó ọmọ mi ló kọ ọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo sọ sí i, èmi ló kọ́kọ́ kọ.

Ọkùnrin náà bi mí: ṣé lóòótọ́ ni wọ́n wà lójú omi? Ènìyàn mélòó? Àwọ̀ wo ni ọkọ̀ náà? Ṣé wọ́n ní rọ́bà ìgbàlà, ènìyàn mélòó ló ń gbà? Ṣé ẹnikẹ́ni nínú wọn ní àìsàn? Mi ò mọ ẹyọ kan. Èmi tí mo bí i, mi ò mọ ẹyọ kan. Ìgbà náà ni Ọlọ́run rán mi létí ìwé yẹn. Mo da gbogbo aṣọ inú àpótí sílẹ̀. Ìwé náà wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó ti ká kò. Gbogbo ohun tí ọkùnrin náà ń bi mí ló wà nínú rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà kí n lè kà á láìwo jígí: ọkọ̀ funfun, ìlà pupa lára ìgbòkun, rọ́bà ìgbàlà ẹlẹ́ni mẹ́rin, ìyàwó ní ikọ́ fée, oògùn rẹ̀ tó oṣù méjì. Mo ń kà á, bàbá wọn ń di iná tọ́ọ̀ṣì mú, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ọkùnrin náà sọ òótọ́ fún wa. Ibi tí wọ́n wà jìnnà ju ibi tí hẹlikópítà lè lọ kó sì padà. Ọkọ̀ òkun akẹ́rù kan ló sún mọ́ wọn jù, àwọn sì ti ní kó yà sọ́dọ̀ wọn. Wákàtí 17. Mi ò lè sọ bí wákàtí 17 yẹn ṣe kọjá. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀: Olúwa, má jẹ́ kí “mo ń sùn” yẹn jẹ́ ìdágbére wa.

Lójú omi lọ́hùn-ún, ìtọ́kọ̀ ló kán. Wọn ò mọ ohun tó gbá a. Ọkọ̀ kò gbọ́ràn mọ́, ìgbì ń fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lù. Ibi tí irin ìtọ́kọ̀ gbà wọnú ọkọ̀ ya, omi ń rọ́ wọlé, ó bo bátìrì, iná kú, ẹ̀rọ tó ń fi àmì ránṣẹ́ kú, fóònù sátẹ́láìtì náà mu omi. Ìyàwó ọmọ mi ló wọnú ihò ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ, tó fi aṣọ àti tìmùtìmù dí ibi tó ya, tó sì fi pákó tì í. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi ọwọ́ fa omi jáde, ọ̀kan ń fà, ọ̀kan ń sinmi, títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù náà dé, ó fi ara rẹ̀ dínà afẹ́fẹ́ fún wọn, ó sọ àkàbà okùn sílẹ̀. Ọmọ mi ní ibẹ̀ gan-an lẹ̀rù ti bà òun jù. Ìgbì á gbé ọkọ̀ wọn sókè, á tún já a lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ńlá yẹn. Ìgbà tó bá gòkè tán ni kéèyàn fò mọ́ àkàbà. Ìyàwó rẹ̀ fò, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀, ó tún dì í mú. Òun náà fò. Ìka rẹ̀ kan ló kán. Ìka kan, Olúwa mi!

Òfin SOLAS, òfin àgbáyé lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1914 lẹ́yìn tí ọkọ̀ Titanic rì, sọ pé dandan ni kí ọ̀gá ọkọ̀ ran ẹni tó wà nínú ewu lójú òkun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òfin kò sọ pé kí wọ́n bọ́ aṣọ ara wọn fún ọmọ mi. Òfin kò sọ pé kí ọ̀gá ọkọ̀ náà fi fóònù tirẹ̀ lé e lọ́wọ́ kó pe ìyá rẹ̀. Mo ń gbàdúrà fún gbogbo wọn lójoojúmọ́, àti fún ẹni tó pè mí lóru náà.

Nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọmọ mi, mo ké títí mi ò fi gbọ́ ohun tó ń sọ. Lẹ́yìn náà ni mo ní kó gbé fóònù fún ìyàwó rẹ̀. Mo ní, “Ìyàwó mi, dárí jì mí. Jọ̀ọ́, parí ọ̀rọ̀ tí o fẹ́ sọ fún bàbá rẹ lọ́jọ́sí.”

Ó ń sunkún, ó sì parí rẹ̀. Ó ní lẹ́yìn ìjì Fastnet, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n sá kúrò nínú wọn ni wọ́n bá tó ṣì ń léfòó, nígbà tí àwọn kan tó bọ́ sínú rọ́bà ìgbàlà ti bá omi lọ. Nígbà tí omi dé orúnkún wọn lóru, tí ọmọ mi ní kí àwọn jù rọ́bà sómi kí àwọn bọ́ sí i, òun ló di apá rẹ̀ mú, tó ní, “Ọkọ̀ yìí kò tíì rì. A ò ní kúrò.”

Àwọn méjèèjì ló jókòó síwájú níbẹ̀ yẹn. Wọn ò sọ fún mi pé àwọn kò ní pa dà sójú omi mọ́, mi ò sì bi wọ́n. Ìwé tuntun tí wọ́n bá mú wá, màá kà á. Ìyàwó mi, jọ̀ọ́ dìde, kí wọ́n rí ọ.