Ẹ̀yin Tí Ẹ̀ Ń Kọ Eré Awo, Ẹ Wo Ibi Tí Bébà Yẹn Ti Já Bọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ̀ ń gbé sikiríìpù wá bá wa ní Sùúrùlérè, mo mọ̀ pé ẹ ti ń kùn. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ eré awo, mo máa ń ní kó kọ́kọ́ lọ wo The Ninth Gate, fíìmù tí Roman Polanski ṣe ní 1999. Kì í ṣe pé fíìmù náà tẹ́ mi lọ́rùn. Ó já mi kulẹ̀ gan-an ni, torí pé mo ti fi gbogbo ọkàn bá a lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Eré tó ti bàjẹ́ láti síìnì àkọ́kọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Èyí tó rìn dáadáa dé tòsí ilé kó tó ṣubú, ìyẹn lèèyàn lè tọpa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, kó rí ohun tó gbé e ṣubú.

Ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Corso, tí Johnny Depp ṣe, ń ra ìwé àtijọ́, ó ń tà á, ní New York. Ó lọ sílé bàbá àgbàlagbà kan tí àìsàn ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tó kàn jókòó sórí àga. Ọmọ bàbá àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ mọ iye tí àwọn ìwé inú ilé náà máa pa. Corso dá iye tó jọ wọ́n lójú fún ìwé tó kù, ó wá rọra fi owó kékeré gba Don Quixote alápá mẹ́rin tí Ibarra tẹ̀, bí ẹni ń ṣe wọ́n lóore. Bàbá wà níjòókòó, kò lè wí nǹkan kan. Kò sí ẹbọ níbẹ̀, kò sí òògùn, síbẹ̀ a ti mọ ọkùnrin yìí: ojú rẹ̀ mú, àánú ò sì sí níbẹ̀. Tí ẹ bá lè kọ irú síìnì yìí, ẹ ti ṣiṣẹ́.

Olówó kan tó ń jẹ́ Balkan ló wá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Nínú ìtàn náà, wọ́n tẹ ìwé kan ní Venice ní 1666, ìwé tí wọ́n ní ó lè ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tó fẹ́ pàdé Lúsíférì, ìyẹn Sátánì, wọ́n sì dáná sun ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀dà mẹ́ta ló kù. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Balkan, ọ̀kan wà ní Sintra ní ilẹ̀ Potogí, ọ̀kan wà ní Paris. Àwòrán mẹ́sàn-án tí wọ́n fín ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ Corso sì ni kó fi wọ́n wéra, kó lè mọ èwo ni ojúlówó.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ́. Ọkùnrin kan jókòó ti tábìlì, ìwé méjì wà níwájú rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ẹ̀dà kan, ọwọ́ ọ̀tún ni arúgbó inú àwòrán fi mú kọ́kọ́rọ́. Nínú èkejì, ọwọ́ òsì ni. Àwòrán tó yàtọ̀ ní lẹ́tà mẹ́ta lábẹ́: LCF. Lúsíférì nìyẹn. Mẹ́ta irú rẹ̀ ló wà nínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé èèyàn gbọ́dọ̀ rí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí mẹ́sàn-án tó pé. Kámẹ́rà ò kánjú rárá. Ó fún àwa olùwòran láàyè ká fi ojú ara wa wá ìyàtọ̀ náà. Ṣáájú ìyẹn pàápàá, nígbà tí wọ́n pa ọ̀rẹ́ Corso tó ń ta ìwé, tí wọ́n so ó rọ̀ ní ẹsẹ̀ kan, a ò nílò ẹni tó máa ṣàlàyé fún wa, torí a ti rí ọkùnrin yẹn nínú àwòrán. Ẹ̀rù téèyàn fi ojú ara rẹ̀ wá rí kì í tètè kúrò lára.

Wàyí o, Balkan kó àwòrán mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jọ nínú ilé olódi kan, ó da bẹntiróòlù sí ara rẹ̀, ó ṣáná sí i, torí ó gbà pé agbára àwọn àwòrán náà ò ní jẹ́ kí iná ran òun. Iná jó o, torí pé ayédèrú ni ìkẹsàn-án. Mo gba ti ìyẹn tọwọ́tẹsẹ̀. Ó pààyàn nítorí bébà, ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé bébà kan tí kò yẹ̀ wò dáadáa. Ṣùgbọ́n báwo ni Corso ṣe rí ojúlówó? Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tó ń tún ìwé dì, ó bá àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kó ẹrù jáde. Wọ́n gbé kọ́bọ́ọ̀dù, bébà kan sì já bọ́ láti orí rẹ̀. Òun náà nìyẹn! Ẹni tó fi ojú rẹ̀ wá kọ́kọ́rọ́ tó yí ọwọ́ padà, tí gbogbo wa ń bá a wò, kí fíìmù wá ju èyí tó ṣe pàtàkì jù sí i lẹ́sẹ̀.

Àwọn kan nínú yín ti bá mi jiyàn. Ẹ ní òṣèré kan náà, José López Rodero, tó ṣe tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yẹn ló tún ṣe àwọn òṣìṣẹ́ náà, nítorí náà kì í ṣe kòńgẹ́, àwọn ará ọ̀dọ̀ Lúsíférì ló gbé bébà náà fún un. Òótọ́ ni, ojú yín sì ríran. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan ò jọ ẹni tó wá a rí. Lẹ́yìn ìyẹn, Corso rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé olódi náà, ìmọ́lẹ̀ tàn, ó parí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní ohun tó bà á jẹ́ ni pé wọn ò fi Lúsíférì hàn wá. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Owó ni ọkùnrin yìí bá lọ. N kò rí síìnì tí ọkàn rẹ̀ ti kúrò lórí owó. Bí a ò bá mọ ohun tó ń fẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ló kàn wá bí ilẹ̀kùn bá ṣí?

Àbúrò wa obìnrin kan gbé irú ìtàn yìí wá láìpẹ́ yìí. Ìwé ọfọ̀ bàbá àgbà ni, ní agbo ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n pín in sọ́wọ́ ọmọ ìyàwó mẹ́ta, ojú ìwé tó kẹ́yìn sì sọnù. Ó ní afẹ́fẹ́ ló fẹ́ ẹ wọlé. Mo bi í pé, "Iṣẹ́ kí ni ọmọbìnrin inú ìtàn rẹ ń ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n, ó ń bá lọ́yà tẹ ìwé ní Broad Street ni."

Ojú tó mú ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Àbúrò wa wá tún ìtàn náà kọ. Bàbá àgbà ti kú kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, "enia" àti "aiye" ló sì kún inú ìwé rẹ̀ látòkè délẹ̀. Bùrọ̀dá bàbá ọmọbìnrin náà wá mú ojú ìwé tó kẹ́yìn jáde, bébà rẹ̀ ti pọ́n, igun rẹ̀ ti jẹ, ṣùgbọ́n "ènìyàn" ló wà níbẹ̀, "ayé" ló wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe fọwọ́ sí i pé ká máa kọ ọ́ láti 1974. Òkú ò lè kọ ọ́. Nígbà tí àbúrò wa kà á sí mi létí, ara mi ṣe gìrì. Ohun tó tún dára jù ni pé ìpinnu ti dé bá ọmọbìnrin náà: ṣé yóò kìlọ̀ fún bùrọ̀dá yẹn, ẹni tó gba ilé lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ni o, àbí yóò dákẹ́ kó máa wò ó bó ṣe ń ka ayédèrú ọfọ̀ lóru?

Olówó eré máa ní kí iná jó, kí ilé wó. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé bébà ò wọ́n. Ẹ lọ sí Ṣómólú, ẹ ní kí wọ́n tẹ ojú ìwé méjì tó jọra fún yín, kí ìyàtọ̀ kan péré wà níbẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tíì, ẹ sá a. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń yà á, ẹ bẹ oníkámẹ́rà pé kó má tètè gbé ojú kúrò lórí ìkejì.