Oorí-ńlá Wà Lẹ́yìn Ilé Wa ní Bwari

Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń gbé ní Bwari, ní ìhà àríwá Àbújá. Àbààwọ́n dúdú kan kì í kúrò lórí ọkọ̀ mi ní gbogbo ìgbà òjò, mo sì máa ń bú àwọn ẹyẹ nítorí rẹ̀. Ìyá ìyàwó mi, tí wọ́n wá láti Ṣakí kí wọ́n lè bá wa tọ́jú ọmọ tuntun, ni wọ́n là mí lójú. Ní àárọ̀ Sátidé kan ní oṣù keje, lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, wọ́n já ewé kan lára igi tí mo máa ń gbé ọkọ̀ sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n na ọwọ́ wọn lé e, mo sì rí i pé ewé márùn-ún ló pín lórí ọ̀pá kan ṣoṣo, bí ìka ọwọ́ gẹ́lẹ́. Wọ́n ní, “Bàbá Tóbi, oorí-ńlá nìyí. Ẹ kàn ń fi táyà tẹ̀ ẹ́ ni.”

Ilẹ̀ kún fún èso igi náà lóòótọ́. Kò ju orí àtàǹpàkò lọ, awọ rẹ̀ dúdú, àmì funfun wínníwínní sì wà lára rẹ̀. Èyí tí ó bá já fúnra rẹ̀ ni à ń ṣà, nítorí pé èyí tí ó ṣì tutù lórí igi kò tíì ṣe é jẹ. Ẹran ara rẹ̀ dúdú, ó rọ̀, adùn rẹ̀ sì jọ ti dàbínù, ṣùgbọ́n kóró líle àárín rẹ̀ ló gba ibi tí ó pọ̀ jù, nítorí náà kì í ṣe èso ẹni tí ebi ń pa. Tóbi jẹ ẹ́ títí tí ahọ́n rẹ̀ fi dúdú, ó sì ń sáré lọ síwájú dígí láti wò ó. Àwọn ọmọ Gbagyi àdúgbò wa, tí wọ́n ń fi èdè Haúsá pè é ní dinya, fi wá rẹ́rìn-ín dáadáa. Wọ́n ní ewé rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ tilẹ̀ ṣe é sè bí ẹ̀fọ́.

Ojú ọjọ́ ló jẹ́ kí a lè pẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù kẹta, nígbà tí ooru Àbújá máa ń lé ní ìwọ̀n 35, kò sí ẹni tí yóò bá mi jókòó sí ìta lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ní oṣù keje, atẹ́gùn tútù ń ti orí òkè fẹ́ wá, koríko ti bo ilẹ̀ pupa, òórùn èso tí ó ti pọ́n jù sì ń ta sánsán. Ní Ìbàdàn tí mo ti dàgbà, òjò máa ń sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Níbí, oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án gan-an ló ń rọ̀ jù, nítorí náà àárọ̀ kùtùkùtù ni a máa ń jáde.

Nígbà tí màmá ń padà sílé, wọ́n fọ kóró bíi mẹ́wàá, wọ́n sá a, wọ́n sì dì í sí etí aṣọ. Wọ́n ní àwọn tí ń sun èédú ti gé èyí tí ó wà lẹ́bàá odò wọn.