Títúbí kọ̀ láti jẹ́ Mọremí

Lálẹ́ àná, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń ṣe Morountodun, eré tí Fẹ́mi Òṣófisan kọ lórí ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà tí àwọn àgbẹ̀ bá ìjọba jà ní ọdún 1968 sí 1969, màmá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pòṣé nígbà tí Títúbí sọ fún ọ̀gá ọlọ́pàá pé òun kì í ṣe Mọremí, nítorí pé ìjọba ni Mọremí sìn, ìjọba kì í sì í jàre nígbà gbogbo.

Ọgbọ́n òǹkọ̀wé náà wú mi lórí. Kò fi ọ̀rọ̀ yìí sí ẹnu Marshal, aṣáájú àwọn àgbẹ̀ (ẹni tí ọ̀rọ̀ kò wọ́n lẹ́nu rẹ̀), bí kò ṣe sí ẹnu Títúbí, ọmọ Alhaja Kábíráátù olówó, tó kó jàǹdùkú wá da eré rú, tó sì wọ àárín àwọn àgbẹ̀ bí amí ọlọ́pàá, bí Mọremí ṣe ṣe amí fún Ifẹ̀, àmọ́ tó jẹ́ pé ibi tó ti ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ló ti rí àwọn tí òógùn wọn ń bọ́ irú ilé tirẹ̀.

Ohun tí kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn ni ìfẹ́ Títúbí àti Marshal, nítorí n kò mọ̀ bóyá ìrẹ́jẹ ló yí i lọ́kàn padà tàbí ọkùnrin.