Àmì Pẹ́ńsùlù Lára Ògiri: Àyẹ̀wò Ọdún Kan Nínú Ilé

Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń jókòó ní ọ̀sẹ̀ tí ó gbẹ̀yìn ọdún láti ṣírò bí ọdún náà ṣe lọ, ohun kan náà ni mo sì máa ń kà: iṣẹ́ tí mo parí, èyí tí mo pa tì, owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde. Ní ìparí èṣí, nígbà tí mo kà á tán, ọkọ mi bi mí pé ọjọ́ wo nínú ọdún náà ni mo gbádùn jù nínú ilé yìí. Mo ronú títí, mo wo òkè, mo wo ilẹ̀, n kò rí ọjọ́ kan mú. Kì í ṣe pé ọdún náà burú. Mo gbé inú ilé fún ọjọ́ 365, n kò sì lè sọ ohun tí ojú mi rí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára gan-an. Òun ni ó mú kí n gbé ìwé àkọsílẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pálọ̀, kí n sì pinnu pé ohun kékeré tí ó bá dùn mọ́ mi nínú ilé nìkan ni n óò máa kọ sínú rẹ̀, láti oṣù kìíní títí di oṣù kejìlá.

N kò fẹ́ máa kọ ọ́ lójoojúmọ́, nítorí mo mọ̀ pé ohun tí mo bá sọ di iṣẹ́ òòjọ́ kì í pẹ́ di ẹrù sí mi lọ́rùn. Mo ti kà nípa kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan tí ó ti Ṣáínà wá, tí àwọn ará Japan sì gbà lò, tí ó pín ọdún sí ìgbà 72, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún. Ní ọdún 1685 ni onímọ̀ ìràwọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Shibukawa Shunkai tún un ṣe kí ó lè bá ojú ọjọ́ ilẹ̀ Japan mu. Orúkọ àwọn ìgbà náà ni ó wú mi lórí: ọ̀kan ń sọ nípa afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn tí ń yọ́ yìnyín, òmíràn ń sọ pé ilẹ̀ rin, afẹ́fẹ́ sì móoru, òmíràn kàn ń sọ pé òjò ńlá a máa rọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó sọ ìgbà lórúkọ báyìí ní láti ti dúró wò ó dáadáa. Nítorí náà ni mo ṣe mú ọjọ́ márùn-ún márùn-ún gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n: láàárín ọjọ́ márùn-ún, ó kéré tán, ohun kan gbọ́dọ̀ wà tí mo rí, tí mo gbọ́, tàbí tí ọwọ́ mi kàn.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe kì í ṣe ọ̀rọ̀ rárá, àmì ni. Fèrèsé pálọ̀ wa kọjú sí ìlà-oòrùn. Bí oòrùn bá ti yọ kọjá orí igi tí ó wà níwájú ilé, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a gba ojú fèrèsé wọlé, a sì tẹ́ ara rẹ̀ sí ògiri òdìkejì bí aṣọ onígun mẹ́rin tí ẹnìkan sá síbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú ọdún, mo mú pẹ́ńsùlù, mo fa ilà kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ìmọ́lẹ̀ náà, mo sì kọ orúkọ oṣù sí i. Nígbà tí a tún ṣe é ní oṣù kejì, ìmọ́lẹ̀ náà ti kúrò níbi tí a fi í sí. Ọmọbìnrin mi, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, dúró tì í, ó wò ó lọ wò ó bọ̀, ó ní, “Màmá, ta ni ó sún un?”

Ayé ni ó sún un. Ilẹ̀ ayé kò dúró ṣánṣán bí ó ṣe ń yí oòrùn po. Ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ìwọ̀n dígírì 23.4, ìdí nìyí tí oòrùn kì í fi í yọ lójú kan náà jálẹ̀ ọdún. Ní nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù kẹta, àti ní ọjọ́ 22 tàbí 23 oṣù kẹsàn-án, a máa yọ ní ojú ìlà-oòrùn gan-an. Lẹ́yìn ti oṣù kẹta, a rìn lọ sí ìhà àríwá, lẹ́yìn ti oṣù kẹsàn-án, a padà sí ìhà gúúsù. Wọ́n ti kọ́ mi ní èyí nílé ìwé láti kékeré, mo sì ti há a sórí fún ìdánwò, ṣùgbọ́n ó di ọdún yìí kí n tó fi ojú ara mi rí i nínú pálọ̀ tí mo ti ń gbá láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Ohun tí ìwé kò sọ fún mi ni pé ìmọ́lẹ̀ náà kì í rìn ní ìwọ̀n kan náà. Láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, ó sáré. Àyè tí ó wà láàárín àmì méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ní oṣù kẹfà, ó rọra dé ìpẹ̀kun rẹ̀, ó sì dúró bí ẹni tí ó gbàgbé ohun tí ó wá ṣe, tó bẹ́ẹ̀ tí àmì oṣù kẹfà àti ti oṣù keje fi gun ara wọn. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí jí mi ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kí n tó jí fúnra mi.

Ìgbà ooru kò gba ojú ìwé púpọ̀, bóyá nítorí pé ooru máa ń mú kí n kanra. Mo rí i kọ pé ilẹ̀ pálọ̀ tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ lásán ní ọ̀sán gangan, àti pé aṣọ ibùsùn tí a ká wọlé láti orí okùn ní ìrọ̀lẹ́ ní òórùn kan tí ọṣẹ kò lè fún un. Inú mi dùn nígbà tí mo kà pé kì í ṣe ojú inú mi ni: ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì kan ní Denmark sá aṣọ ìnura tútù gbẹ nínú oòrùn, wọ́n sì rí lára rẹ̀ àwọn èròjà tí kò sí lára èyí tí ó gbẹ nínú ilé tàbí lábẹ́ ìbòòji, tí díẹ̀ nínú wọn sì wà nínú òórùn èso àti òdòdó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi imú kan aṣọ kí n tó ká a.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ni ìwé náà kún. Ìyá mi wá gbé lọ́dọ̀ wa ní àkókò náà, nítorí pé ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, a kò sì fẹ́ kí wọ́n dá gbé. Mo rò pé èmi ni n óò máa sọ ohun tí ń lọ nínú ilé fún wọn. Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n dé, a jókòó nínú òkùnkùn, iná ti lọ, òjò ń bọ̀, wọ́n sì na ìka sókè, wọ́n ní, “Gbọ́. Ó ti dé orí ewé. Kò tíì dé orí páànù.” Mo tẹ́tí, mo sì gbọ́ ọ: ìró kan tí ó rọ̀ bí ẹni ń gbo ọwọ́ pọ̀, lẹ́yìn náà ni páànù bẹ̀rẹ̀ sí dún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó fi di ariwo. “Ó ti bọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì báyìí,” ni wọ́n wí, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà lẹ́yìn ilé tí mo ti gbàgbé. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọmọ mi àti ìyá ìyá rẹ̀ ti ń dá òjò mọ̀ ní ìró mẹ́rin.

Màámi a sì máa gbóòórùn òjò kí a tó rí ẹ̀kán kan. Àwọn ohun abẹ̀mí tín-ín-tìn-ìn-tín tí ń gbé inú erùpẹ̀ ni ó ń ṣe èròjà tí a ń pè ní geosmin, èyí tí imú ọmọ ènìyàn lè mọ̀ bí kò tilẹ̀ ju ìpín díẹ̀ lọ nínú ìpín tírílíọ̀nù kan. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà fi kámẹ́rà ayárabíàṣá wo bí ẹ̀kán omi ṣe ń bọ́ sórí ilẹ̀: afẹ́fẹ́ há sábẹ́ ẹ̀kán náà, ó hó jáde gba orí omi, ó sì gbé òórùn ilẹ̀ sókè. Òjò wẹ́ẹ́rẹ́ ń ṣe èyí ju òjò alágbára lọ. Ìyá mi kò kà á níbì kankan, ṣùgbọ́n wọ́n ti máa ń sọ pé òjò pẹ̀lẹ́ ni ó ń ta sánsán.

Ní àárín oṣù keje, òrùlé wa jò ní igun yàrá wọn. Ẹni tí a pè láti tún un ṣe gba àsansílẹ̀, ó ní òun ń bọ̀ lọ́la, ọ̀la náà sì di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Inú bí mi, ó sì ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. A gbé abọ́ irin síbẹ̀. Bí abọ́ náà bá ṣófo, ẹ̀kán omi a máa dún “kẹ́n, kẹ́n”. Bí omi bá dé ìdajì, a di “pọ́, pọ́”. Bí ó bá sì kù díẹ̀ kí ó kún, ìró náà a wúwo, a sì kúrú. Láti orí ibùsùn, lójú oorun, Màámi a pè mí pé, “Ó ti tó ó dà nù.” Mo bá wọn dà á fún òru mọ́kànlá. Ní òru kan, dípò kí n padà lọ sùn, mo jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn wọn, àwa méjèèjì sì gbọ́ abọ́ kan láti “kẹ́n” àkọ́kọ́ títí tí ó fi kún. A kò sọ̀rọ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ ní aago mẹ́rin ìdájí, mo sì fa ilà sábẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú ìwé òfìfo wà. Màámi yọ̀ ṣubú ní oṣù kẹjọ, wọ́n sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé ìwòsàn. N kò kọ ohunkóhun ní àsìkò náà, n kò sì ní fi irọ́ dí àyè náà báyìí. Kò sí ìmọ́lẹ̀ orí ògiri tí ó lè mú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ fúyẹ́, àmì oṣù kẹjọ kò sì sí lára ògiri wa. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ lẹ́yìn náà kò ju ìlà kan lọ: “Ìró sálúbàtà Màámi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, aago mẹ́fà àárọ̀.”

Mo ti ronú púpọ̀ lórí ìdí tí ìró tí mo ti ń gbọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ fi wá dùn tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ní ọdún 1978, Philip Brickman, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ènìyàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní Amẹ́ríkà tẹ èsì ìwádìí kan jáde nípa ènìyàn 22 tí wọ́n jẹ owó ńlá nínú tẹ́tẹ́ lọ́tìrì. Àwọn wọ̀nyí kò láyọ̀ ju àwọn tí kò jẹ ohunkóhun lọ ní pàtàkì, adùn tí wọ́n sì sọ pé àwọn ń rí nínú ohun ojoojúmọ́, bíi kí wọ́n bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ tàbí kí wọ́n gbọ́ àwàdà, kéré sí ti àwọn yòókù. Ènìyàn 22 kò pọ̀, n kò sì fẹ́ gbé gbogbo ẹrù lé wọn lórí. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ojú a máa mọ́ra, etí náà a sì máa mọ́ra, àti pé ohun tí ó bá wà níbẹ̀ nígbà gbogbo ni ó ń kọ́kọ́ pòórá lójú ẹni. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ìyípadà ìgbà ṣe wá lóore: òjò a lọ kí ó tó sú wa pátápátá, òtútù a dé, a sì tún bá ilé kan náà pàdé bí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ inú rẹ̀.

Òtútù dé lóòótọ́. Mo kọ nípa ife omi gbígbóná tí mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá mú, àti oru rẹ̀ tí ń lọ́ sókè nínú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Mo kọ nípa aláǹtakùn kan ní igun ìta fèrèsé, tí mo ní kí ẹnikẹ́ni má fi ìgbálẹ̀ kàn. Irú rẹ̀ tí ń ta àwọ̀n roboto a máa jẹ okùn àtijọ́, a sì máa ta tuntun, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín òru kan, nítorí náà àwọ̀n tí ìrì sẹ̀ sí lára láàárọ̀ lè má ju wákàtí mélòó kan lọ tí wọ́n ta á.

Èyí wá ni ìṣirò. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún jẹ́ ìgbà 73 nínú ọdún. Mo kọ nǹkan sí 61. Ohun 96 ni ó wà nínú ìwé náà: ìmọ́lẹ̀ 21, ìró 34, òórùn 9, ohun tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kàn 12, àti ọ̀rọ̀ ẹnu ará ilé 20. Nínú ìró 34 náà, mẹ́rin péré ni mo ti kọ kí ìyá mi tó dé. Kò sí ọ̀kan nínú 96 tí mo fi owó rà, n kò sì mọ èyí títí tí mo fi kà á. Ohun tí ó dùn mí ni pé ọkọ mi, ẹni tí ó béèrè ọ̀rọ̀ tí gbogbo èyí ti bẹ̀rẹ̀, fara hàn nínú ìwé náà nígbà mẹ́ta péré. Wọ́n máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, èmi a sì wà lójú oorun. Mo ti sọ fún wọn pé láti oṣù tí ń bọ̀, n óò máa jí bá wọn jókòó kí wọ́n tó lọ. Wọ́n tún bi mí ní ìbéèrè èṣí. Mo dáhùn kí wọ́n tó sọ ọ́ tán pé òru abọ́ irin ni.

Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù yìí, gbogbo wa wà ní pálọ̀ nígbà tí oòrùn yọ kọjá orí igi. Ìmọ́lẹ̀ tẹ́ ara rẹ̀ sí ògiri. Ọmọ mi gbé pẹ́ńsùlù sókè láti fa ilà, ó sì dúró, ó ní, “Màmá, ibí yìí ni a ti bẹ̀rẹ̀.” Ilà oṣù kìíní, tí ó ti ń pa rẹ́ díẹ̀díẹ̀, wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gan-an. Mo ní kí ó fà á sórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fà á. Màámi béèrè láti orí àga wọn pé níbo ni ìmọ́lẹ̀ náà dé. Ọmọ náà fà wọ́n dìde jẹ́jẹ́, ó mú wọn débẹ̀, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ wọn lé ògiri, níbi tí ó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.