Kápúsù yẹn ò lè já ilẹ̀kùn wọlé o: ohun tí mo kọ́ nípa áyódíìnì onítànṣán

Ẹ̀yin tí wọ́n fẹ́ fún ní áyódíìnì onítànṣán, ẹ wá gbọ́ tèmi. Nígbà tí wọ́n yọ táírọ́ìdì mi (ẹṣẹ́ tó wà lọ́rùn) tán nítorí jẹjẹrẹ, tí dókítà ní ó ku kí n gbé kápúsù kan tí áyódíìnì yẹn wà nínú ẹ̀ mì, èrò mi ni pé kápúsù yẹn á lọ wá jẹjẹrẹ tó ṣẹ́kù rí fúnra ẹ̀, àṣé sẹ́ẹ̀lì yẹn gan-an ló máa fà á wọlé, tí kò bá fà á, ó ti parí nìyẹn.

Púrótéènì tó ń fà á ni wọ́n ń pè ní NIS, ara sẹ́ẹ̀lì táírọ́ìdì ló wà, níhà ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, ọdún 1996 ni wọ́n tó rí jíìnì ẹ̀. Áyódíìnì kan, sódíọ̀mù méjì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kó wọn wọlé. Táírọ́ìdì tó dá ṣáṣá lè kó o jọ tó ìlọ́po 20 sí 40 èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Púrótéènì mìíràn, pendrin, wà lódì kejì tó ń bá a gbé e jáde lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ṣe họ́mónù. (Ẹni tí wọ́n bí pẹ̀lú pendrin tó bàjẹ́, etí ẹ̀ lè di, kó tún yọ gẹ̀gẹ̀. Ẹ̀rù ẹ̀ bà mí nígbà tí mo gbọ́.)

Nínú àìsàn Graves, tí táírọ́ìdì ti ń ṣiṣẹ́ àṣejù, NIS máa ń pọ̀ jù. Ti jẹjẹrẹ wá yàtọ̀, ó lè dín kù, tàbí kó wà àmọ́ kó há sínú sẹ́ẹ̀lì, bí ilẹ̀kùn tí wọ́n gbé ti ògiri yàrá tí wọn ò kàn án mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Àṣìṣe mi rèé: wọ́n ti gún mi ní dáì kan nígbà tí mo ṣe sikáànì CT, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, àfi ìgbà tí nọ́ọ̀sì bi mí. Áyódíìnì ló kún inú dáì yẹn! Wọ́n ní ó ti gba àyè, bí mo ṣe dúró fún oṣù méjì nìyẹn. Ẹ sọ gbogbo ohun tí wọ́n gún yín àti fítámì tí ẹ̀ ń lò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀sẹ̀ méjì láìsí iyọ̀ aláyódíìnì, ẹja òkun, wàrà. Mo tún dá oògùn họ́mónù dúró kí TSH, họ́mónù tó ń rán táírọ́ìdì níṣẹ́, lè kọjá 30, torí òun ló ń jí NIS. Òtútù mú mi, oorun ń kùn mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Abẹ́rẹ́ wà tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn láìdá oògùn dúró, ẹ béèrè ẹ̀.

NIS tún wà nínú ẹṣẹ́ itọ́, ìdí nìyẹn tí ẹnu mi fi gbẹ táútáú. Ó wà nínú ọmú abiyamọ náà, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú gbọ́dọ̀ ti ja ọmọ lẹ́nu ọmú ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú.

Sikáànì tí wọ́n ṣe kẹ́yìn fi ibi tó gbà á hàn, àmọ́ kókó kékeré kan ò gba nǹkankan. Dókítà ní kí wọ́n yẹ jíìnì BRAF wò nínú ẹ̀, torí tí ìyẹn bá ti yí padà, NIS sábà máa ń lọ sílẹ̀. Ọjọ́ tí èsì máa dé ni mò ń kà báyìí.